Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Owó Ilé Ìtọ́jú Àgbà ní Amẹ́ríkà

Lẹ́tà tó wọlé lórí ọ̀rọ̀ yìí pọ̀, pàápàá láti Maryland, Texas àti Georgia, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń gbé pẹ̀lú òbí tó ti dàgbà. A kó àwọn tó jọra pọ̀. Ilé tí wọ́n ń pè ní assisted living ni à ń sọ: àgbàlagbà ní yàrá tirẹ̀, wọ́n ń se oúnjẹ fún un, wọ́n ń ràn án lọ́wọ́ láti wẹ̀, láti wọṣọ, láti lo oògùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe nursing home, níbi tí nọ́ọ̀sì ti ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń fún àwọn ilé yìí ní ìwé àṣẹ, òfin wọn ò sì dọ́gba. Níbi tí a bá ti dárúkọ ìpínlẹ̀ kan, ibẹ̀ nìkan ni kí ẹ mú un mọ.

Lórí fóònù, wọ́n ní 4,600 dọ́là lóṣù ni. Nígbà tí bíìlì oṣù àkọ́kọ́ dé, ó lé ní 8,800. Ṣé wọ́n rẹ́ wa jẹ ni?
*Àkọ́bí, Houston, Texas*

Ó ṣeé ṣe kí wọ́n má rẹ́ yín jẹ, àmọ́ wọn ò sọ gbogbo rẹ̀ fún yín. Owó tí ẹni tó ń polówó ilé náà máa ń kọ́kọ́ sọ, owó ilé lásán ni. Ohun tó sábà máa ń wà nínú rẹ̀ ni yàrá, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, iná, omi, títún yàrá ṣe lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fífọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ọkọ̀ tó ń gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ tí ilé náà yàn, àti agogo tí wọ́n lè tẹ̀ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ẹni tó máa wẹ̀ fún Màmá, tó máa wọṣọ fún wọn, tó máa fún wọn lóògùn, ọ̀tọ̀ ni owó tiẹ̀.

Bí owó ṣe ń di 8,800 rèé. Ká ní owó ilé jẹ́ 4,600. Nọ́ọ̀sì yẹ Màmá wò, ó ní ipele kejì ni ìtọ́jú wọn: 1,100. Fífún wọn lóògùn lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́: 450. Pámpásì àti ìbọ̀wọ́ tí ilé náà ń rà: 180. Ó ti di 6,330. Owó ìwọlé tí wọ́n ń pè ní community fee, èyí tí a ń san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: 2,500. Àpapọ̀ rẹ̀ di 8,830. Láti oṣù kejì, 6,330 ni ẹ ó máa san, kì í ṣe 4,600. Iye tiyín lè yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìlà márùn-ún yìí ni kí ẹ wá nínú bíìlì yín. Kí ẹ lè fi wọ̀n ọ́n: ìwádìí tí Genworth àti CareScout ṣe ní ọdún 2024 fi hàn pé ìdajì àwọn ilé yìí káàkiri Amẹ́ríkà ń gbà ju 5,900 dọ́là lóṣù lọ, ìdajì sì ń gbà kéré sí i.

Ipele ìtọ́jú ló ń gbé owó sókè, òun ni kí ẹ tẹjú mọ́. Nǹkan mẹ́fà ni nọ́ọ̀sì máa ń kọ́kọ́ wò: wíwẹ̀, wíwọṣọ, lílo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, dídìde láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga, bóyá ẹni náà lè mú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ mọ́ra, àti jíjẹun. Lẹ́yìn ìyẹn ló máa wo oògùn, ìrántí, àti bóyá ẹni náà máa ń rìn kiri lóru. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé kí ẹnì kan dúró tì í ní balùwẹ̀ ni, máàkì rẹ̀ kéré. Bí ẹnì kan bá ní láti gbé e dìde, máàkì ròkè. Bí ó bá gba ẹni méjì, ọ̀pọ̀ ilé ni kò ní gbà á rárá.

Ọ̀nà méjì ni àṣìṣe ń gbà wọlé níbí. Ọmọ máa ń fẹ́ bo àṣírí òbí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì béèrè bóyá Màmá ń dá lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ọmọ ní bẹ́ẹ̀ ni. Màmá náà jókòó ṣinṣin, wọ́n ní kò sóhun tí àwọn ò lè ṣe. Wọ́n wọlé ní ipele kìíní, kí oṣù tó parí wọ́n ti dé ipele kẹta, ètò owó tí ẹbí ṣe sì dàrú. Bí òru ṣe rí gan-an ni kí ẹ sọ: ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ń dìde, ta ló ń dì wọ́n mú, ìgbà wo ni wọ́n ṣubú kẹ́yìn. Ọ̀nà kejì ni pé kí nọ́ọ̀sì yẹ̀ wọ́n wò lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù nígbà tí àìsàn ò tíì lọ lára wọn. Ipele á ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ jẹ́ kí ó wà nínú àdéhùn pé wọn yóò tún wọn yẹ̀ wò lẹ́yìn 30 ọjọ́, àti pé ipele lè sọ̀kalẹ̀ bó ṣe lè gòkè. Bí ẹ ò bá béèrè, kì í sábà sọ̀kalẹ̀.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ gba àwọn nǹkan wọ̀nyí ní kíkọ: iye owó gbogbo ipele láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kì í ṣe ti ipele tí Màmá wà nìkan, ẹ̀dà ìwé tí nọ́ọ̀sì fi máàkì sí, iye ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi sọ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó fi owó kún un, àti iye tí wọ́n fi kún un ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ wá ṣírò ọdún kejì kí ẹ tó wọ ọdún kìíní. Nínú àpẹẹrẹ wa, bí wọ́n bá fi ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún kún owó ilé, ó di 4,922. Bí ìtọ́jú bá gòkè sí ipele kẹta tó jẹ́ 1,700, tí oògùn àti pámpásì dúró síbi tí wọ́n wà, àpapọ̀ di 7,252. Bí ẹbí ò bá lè san iye yẹn, ilé náà ti wọ́n jù lónìí.

Dókítà ọsibítù ní Medicare máa sanwó tí Bàbá bá kúrò lọ́dọ̀ àwọn. Ilé tí a lọ wò ní ọ̀rọ̀ Medicare ò kan àwọn. Ta ni ká gbà gbọ́?
*Ọmọ Bàbá, Bowie, Maryland*

Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ, ilé tí wọ́n ń sọ ni kì í ṣe ọ̀kan náà. Medicare, ètò ìlera ìjọba àpapọ̀ tó wà ní pàtàkì fún ẹni tó ti pé ọdún 65, kì í san owó yàrá tàbí owó ìtọ́jú ojoojúmọ́ ní assisted living, ní ìpínlẹ̀ kankan. Skilled nursing facility ni dókítà ní lọ́kàn, níbi tí aláìsàn ń lọ fún ìgbà díẹ̀ láti gba ìtọ́jú ọgbẹ́, abẹ́rẹ́ tàbí ìdárayá ara lẹ́yìn ọsibítù. Ibẹ̀ ni Medicare ti lè san tó 100 ọjọ́. Ogún ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ ò san nǹkan kan. Láti ọjọ́ 21 dé ọjọ́ 100, Bàbá ní iye tí wọ́n ń san lójúmọ́, 209.50 dọ́là sì ni ní ọdún 2025. Lẹ́yìn ọjọ́ 100, ó tán. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń lo ọgọ́rùn-ún ọjọ́ náà pé o: ọjọ́ tí wọ́n bá ti ní Bàbá ò nílò nọ́ọ̀sì tàbí oníṣẹ́ ìdárayá mọ́, Medicare máa dúró.

Ohun kan wà tó ń ká ẹbí púpọ̀ mọ́. Ní Medicare gidi, èyí tí ìjọba fúnra rẹ̀ ń ṣe, Bàbá gbọ́dọ̀ ti jẹ́ inpatient, ìyẹn ẹni tí ọsibítù gbà wọlé, fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra kí Medicare tó lè san owó skilled nursing. Ènìyàn lè sun ọsibítù fún òru mẹ́rin, kí wọ́n wọ aṣọ ọsibítù fún un, kí wọ́n fa omi sí i lára, kó sì jẹ́ pé observation ni wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n kàn ń ṣọ́ ọ wò, wọn ò tíì gbà á wọlé. Ọjọ́ observation kò wọ inú ìṣirò náà. Lójoojúmọ́ tí Bàbá bá wà níbẹ̀, ẹ bi nọ́ọ̀sì tàbí case manager: "Ṣé inpatient ni wọ́n, àbí observation?" Bí observation bá kọjá wákàtí 24, ọsibítù gbọ́dọ̀ fún yín ní ìwé kan tí wọ́n ń pè ní MOON. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fọwọ́ sí i, ẹ mọ ohun tó túmọ̀ sí fún owó yín, kí ẹ sì ní kí dókítà ṣàlàyé ìdí tí kò fi gba Bàbá wọlé. Bí ó bá jẹ́ Medicare Advantage ni Bàbá ní, èyí tí iléeṣẹ́ insúránsì ń ṣe, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í béèrè ọjọ́ mẹ́ta yìí, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i.

Bí Bàbá bá sì wọ assisted living, Medicare wọn ò parẹ́. Ó ṣì ń san fún dókítà àti oògùn tó wà lábẹ́ Part D (apá Medicare tó wà fún oògùn), oníṣẹ́ ìdárayá láti home health (ìtọ́jú tí wọ́n ń gbé wá bá ènìyàn nílé) sì lè wá bá wọn nínú yàrá wọn bí dókítà bá kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ẹbí ń san owó ara wọn fún ohun tí Medicare ìbá san.

Ọdún 2022 ni Màmá mi gba green card, èmi ni onígbọ̀wọ́ wọn. Ọmọ ọdún 74 ni wọ́n. Ṣé Medicaid lè san? Ẹ̀gbọ́n mi ní kí a yára yí ilé Màmá ní Ṣúrùlérè sí orúkọ ọmọ kí wọ́n má bàa rí i.
*Abúrò, Atlanta, Georgia*

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yí ilé kankan. Bí ènìyàn bá ní kí Medicaid, ètò ìlera ìjọba fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó, san owó ìtọ́jú ọlọ́jọ́ pípẹ́, wọ́n máa wo ohun ìní tó fi tọrẹ láàárín oṣù 60 sẹ́yìn ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Ilé tí wọ́n gbé fún ọmọ láìgba iye tó tó o, ọrẹ ni. Wọ́n á ṣírò iye rẹ̀ sí oṣù tí Medicaid ò ní fi san nǹkan kan. Bí ẹ bá sì fi pamọ́ nínú fọ́ọ̀mù, ọ̀ràn ni. Lọ́yà tó ń ṣe elder law (òfin tó kan àgbàlagbà) ní Georgia ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá, kí ẹ mú ìwé ilé náà dání, kí ẹ sọ òótọ́ fún un.

Lórí Medicaid fúnra rẹ̀: òfin ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ṣe ní ọdún 1996 ní kí ọ̀pọ̀ ẹni tó ní green card dúró ọdún márùn-ún. Ti Màmá yóò pé ní ọdún 2027. Ìtọ́jú pàjáwìrì nìkan ni wọ́n lè rí gbà kó tó di ìgbà yẹn. Ohun kejì ni ìwé I-864 tí ẹ fọwọ́ sí gẹ́gẹ́ bí onígbọ̀wọ́. Wọ́n lè ka owó tó ń wọlé fún yín mọ́ ti Màmá, kí wọ́n wá ní Màmá ní owó jù. Ìgbọ̀wọ́ yẹn kì í tán lọ́dún márùn-ún. Ó ń tán nígbà tí Màmá bá di ọmọ ìlú Amẹ́ríkà, tàbí nígbà tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ tó tó quarter 40, ìyẹn bí ọdún mẹ́wàá. Nítorí náà, ìwé ọmọ ìlú ni ọ̀nà tó kúrú jù. Bí àrùn ìgbàgbé kò bá jẹ́ kí Màmá lè kọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti ìbéèrè nípa ìtàn Amẹ́ríkà, fọ́ọ̀mù N-648 wà tí dókítà máa kọ láti gba ìyọ̀ǹda fún wọn. Dókítà gbọ́dọ̀ ṣàlàyé bí àìsàn náà ṣe ń dí ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Kíkọ "ó ti darúgbó" kò tó, wọ́n á dá a padà.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ má retí kí Medicaid gbé gbogbo ẹrù. Ètò waiver, ìyẹn ètò Medicaid fún ìtọ́jú níta nursing home, ni wọ́n fi ń san ní assisted living: CCSP àti SOURCE ní Georgia, STAR+PLUS ní Texas, Community Options ní Maryland. Owó ìtọ́jú nìkan ló ń san. Owó yàrá àti oúnjẹ, Màmá ló máa san látinú owó tó ń wọlé fún wọn. Orúkọ máa ń tò lórí ìwé fún ìgbà pípẹ́, owó tó wà lọ́wọ́ wọn kò sì gbọdọ̀ ju 2,000 dọ́là lọ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn nǹkan kan wà tí wọn kì í kà mọ́ ọn. Ìbéèrè tí ẹ máa bi ilé kọ̀ọ̀kan ni: "Ṣé ẹ ń gba waiver? Oṣù mélòó la gbọ́dọ̀ fi owó ara wa san kí ẹ tó gbà á?" Ìdáhùn ẹnu kò tó, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́.

Medicare lè ti sún mọ́ wọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ní green card, tó ti pé ọdún 65, tó sì ti gbé Amẹ́ríkà fún ọdún márùn-ún láìdá dúró, lè ra á. Ní ọdún 2025, Part A (apá ti ọsibítù) jẹ́ 518 dọ́là lóṣù fún ẹni tí kò ṣiṣẹ́ níhìn-ín rí, Part B (apá ti dókítà) sì jẹ́ 185. Bí Bàbá bá ti ṣiṣẹ́ quarter 40 ní Amẹ́ríkà, Màmá lè gba Part A lọ́fẹ̀ẹ́ látàrí tiwọn. Ẹ béèrè ní Social Security kí ẹ tó san.

Àwọn tó kọ̀wé nípa òbí tó wá lórí físà àbẹ̀wò: gbogbo rẹ̀ lẹ ó san lápò yín. Insúránsì arìnrìn-àjò kì í san owó wíwẹ̀ àti wíwọṣọ.

Ṣé kò ní dínwó tí a bá gba ẹni tí yóò máa wá tọ́jú Màmá nínú ilé wa?
*Ìyàwó ilé, Katy, Texas*

Wákàtí ni kí ẹ kà. Ìwádìí Genworth àti CareScout ti ọdún 2024 yẹn kan náà fi owó home health aide tó ń wá láti iléeṣẹ́ sí bí 34 dọ́là ní wákàtí kan. Bí ó bá wá wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, wákàtí 40 nìyẹn: 1,360 dọ́là lọ́sẹ̀, 5,893 lóṣù. Ó ti dọ́gba pẹ̀lú assisted living, ẹ ò sì tíì san owó ilé, oúnjẹ àti iná, òru àti òpin ọ̀sẹ̀ sì wà lọ́rùn yín. Bí ó bá jẹ́ wákàtí 20 lọ́sẹ̀, bí 2,950 ni, ilé dínwó dáadáa. Bí ó bá jẹ́ tọ̀sán-tòru, wákàtí 168 lọ́sẹ̀, ó kọjá 24,000 lóṣù. Ibi ìtọ́jú ọ̀sán fún àgbàlagbà, adult day, wà ní bí 100 dọ́là lójúmọ́ nínú ìwádìí náà. Ó dára fún ẹbí tó ń lọ síbi iṣẹ́ tí òru Màmá ṣì tòrò.

Ọ̀rọ̀ òru ló máa ń yí ìṣirò yìí padà. Ọ̀sán, ẹ lè pín in láàárín ara yín. Bí Màmá bá ti ń dìde láago méjì òru tí wọ́n ń wá ilẹ̀kùn, tàbí tí wọ́n ń ṣubú lọ́nà balùwẹ̀, tí ẹni tó ń tọ́jú wọn sì gbọ́dọ̀ lọ síbi iṣẹ́ láago méje, ẹ wá ilé.

Bí ẹ bá gba ẹni tí ẹ mọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, tí ẹ ń san owó fún un lọ́wọ́, agbanisíṣẹ́ ni yín lójú òfin. Bí owó tí ẹ san fún un ní ọdún 2025 bá tó 2,800 dọ́là, ẹ gbọ́dọ̀ san owó orí Social Security àti Medicare lórí rẹ̀, kí ẹ sì fún un ní W-2, ìwé tó ń fi owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún hàn. Ọ̀pọ̀ ló ń fojú fò ó títí ẹni náà yóò fi ṣubú nínú ilé wọn tàbí tí yóò fi lọ béèrè owó àìríṣẹ́.

Àyè méjì ni wọ́n ní kí n fọwọ́ sí nínú ìwé àdéhùn: "resident" àti "responsible party". Kí ni ìyàtọ̀ wọn?
*Ọmọkùnrin, Silver Spring, Maryland*

Ìyàtọ̀ náà lè jẹ́ gbogbo owó tó wà ní báńkì yín. Nínú àdéhùn kan, "responsible party" ni ẹni tí wọ́n á pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Nínú òmíràn, òun ni ẹni tó máa fi owó ara rẹ̀ san bí ti Bàbá bá tán. Ẹ wá ojú-ewé tí wọ́n ti ṣàlàyé rẹ̀ kí ẹ tó mú bírò. Òfin ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ṣe ní ọdún 1987 kò gba nursing home láyè láti fi dandan lé e pé kí ọmọ ṣe onídùúró owó, ṣùgbọ́n kò dé assisted living.

Bí ẹ bá ní power of attorney, ìwé tí Bàbá fi fún yín láṣẹ láti ṣojú wọn, orúkọ Bàbá ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ, kí ẹ wá kọ "by", orúkọ yín, àti "as agent under power of attorney". Ẹ má kọ orúkọ yín nìkan. Bí ẹ ò bá ní in, ẹ ṣe é nísinsìnyí tí Bàbá ṣì mọ ohun tí wọ́n ń fọwọ́ sí, lórí fọ́ọ̀mù ìpínlẹ̀ yín. Bí iyè wọn bá ti ra, ilé ẹjọ́ ló kù, ìyẹn sì ń gba oṣù àti owó lọ́yà.

Nínú ìwé yẹn kan náà, ẹ fi àmì sí ibi mẹ́rin: bóyá owó ìwọlé ṣeé dá padà bí Bàbá bá kúrò láàárín oṣù mẹ́ta, ohun tí ẹ ó san bí wọ́n bá wà ní ọsibítù (owó yàrá sábà máa ń lọ lọ́wọ́, owó ìtọ́jú ni ẹ lè ní kí wọ́n dá dúró), ọjọ́ tí owó ṣì ń lọ lẹ́yìn ikú títí ẹrù yóò fi kúrò, àti arbitration, tó túmọ̀ sí pé ẹ ti yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ yín láti lọ sílé ẹjọ́. Ẹ béèrè bóyá èyí tó kẹ́yìn jẹ́ dandan. Bí kò bá jẹ́ dandan, ẹ fi sílẹ̀ láìfọwọ́ sí i.

Màmá ò jẹ oúnjẹ wọn, wọ́n ń rù. Mo gbé àgbo àti Robb lọ fún wọn, àwọn òṣìṣẹ́ kó o.
*Ọmọbìnrin, Baltimore, Maryland*

Ti oògùn ni ká kọ́kọ́ sọ. Ohun gbogbo tí òṣìṣẹ́ bá máa fún Màmá tàbí fi pa wọ́n lára gbọ́dọ̀ ní ìwé dókítà, Tylenol, fítámì àti Robb náà pẹ̀lú. Robb rọrùn: ẹ ní kí dókítà kọ ọ́, kí ó sọ ibi tí wọ́n á fi pa àti ìgbà tí wọ́n á lò ó, wọ́n á dá a padà. Àgbo kò rọrùn bẹ́ẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ìwọ̀n ohun tó wà nínú rẹ̀, ó sì lè bá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ pàdé, kí ìfúnpá tàbí ṣúgà já wálẹ̀ láàárín òru. Ẹ má fi pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀. Ẹ sọ ewé àti egbò tó wà nínú rẹ̀ fún dókítà.

Oúnjẹ: ẹ béèrè ìwọ̀n ara Màmá lóṣooṣù ní kíkọ. Bí wọ́n bá sọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún nù láàárín oṣù kan (páùn méje fún ẹni tó wọn 140), ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà ẹ rí ẹni tó ń ṣàkóso ilé ìdáná. Ọ̀pọ̀ nínú wọn lè se ìrẹsì àti ẹ̀wà rírọ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹ gbé ọbẹ̀ wá. Ẹ di ọbẹ̀ sínú ike kéékèèké tó tó ìjókòó kan, ẹ kọ ọjọ́ sí i lára. Ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ni kó lò nínú fíríìjì; èyí tó kù, ẹ dì í ní yìnyín. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e gbóná dé 165°F. Mọ́ínmọ́ín eléwé ni kí ẹ gbé lọ, ẹ fi ti alágolo sílé, nítorí máíkíróweefù ni wọ́n ń lò. Ẹ dín magí kù bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá wà. Bí Màmá bá ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ má ṣe gbé ẹ̀fọ́ rẹpẹtẹ lọ lọ́sẹ̀ kan kí ẹ má gbé rárá lọ́sẹ̀ kejì. Fítámì K tó wà nínú ẹ̀fọ́ ń bá oògùn náà jà, kí iye rẹ̀ dúró déédéé ni dókítà ń fẹ́. Bí wọ́n bá ń wúkọ́ nígbà tí wọ́n ń jẹ ẹ̀bà tàbí tí wọ́n bá mu omi, ẹ dá òkèlè dúró, kí dókítà kọ ìwé sí speech therapist láti wo bí wọ́n ṣe ń gbé nǹkan mì.

Ẹni tí àrùn ìgbàgbé ń bá jà sábà máa ń padà sí èdè tó kọ́kọ́ mọ̀. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ bíi mẹ́wàá sí páálí kan lára ògiri: omi, ebi, ó ń dùn mí, òtútù, mo fẹ́ tọ̀. Ẹ kọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ sì jẹ́ kí ó wà nínú care plan (ìwé ètò ìtọ́jú wọn) pé "Mama" tàbí "Ma" ni kí wọ́n máa pè wọ́n, kì í ṣe orúkọ àbísọ lẹ́nu ọmọ ogún ọdún. Ẹ̀tọ́ wọn ni, kò sì ná ilé náà ní nǹkan kan.

Ọmọ Nàìjíríà kan ní ilé kékeré tó ń gba ènìyàn márùn-ún, owó rẹ̀ sì dínwó. Kí ni ká wò?
*Ẹbí kan, Prince George's County, Maryland*

Ilé kékeré lè dára ju ilé ńlá lọ fún àgbà tí kò fẹ́ ariwo, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n gbọ́ Yorùbá níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dípò ìwé àṣẹ. Ní Maryland, ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní OHCQ ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ, orí rẹ̀ ni wọ́n ti kọ ipele ìtọ́jú tí ilé náà lè gbà: kékeré, àárín, tàbí gíga. Bí Màmá bá wà ní ipele gíga tí ìwé ilé náà sì dúró ní àárín, wọ́n gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda pàtàkì kí wọ́n tó tọ́jú wọn. Ẹ béèrè orúkọ delegating nurse, ìyẹn nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé náà, kí ẹ sì wo ọjọ́ tó wá kẹ́yìn. Ó gbọ́dọ̀ yẹ olúkúlùkù wò, ó kéré tán lọ́jọ́ 45 síra wọn. Ẹ béèrè ẹni tó ń fúnni lóògùn, kí ẹ rí ìwé ẹ̀rí medication technician rẹ̀. Ẹ ka àbájáde àyẹ̀wò tí ìpínlẹ̀ ṣe. Ẹ má wá a lórí Care Compare, ìkànnì Medicare lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Nursing home wà níbẹ̀, assisted living kò sí.

Ẹ̀yin ará Texas, ẹ wo bóyá Type A ni ilé náà tàbí Type B. Type A wà fún ẹni tó lè dá jáde bí iná bá ṣẹ́ yọ, tí kò sì nílò ìtọ́jú lóru. Ẹni tí wọ́n ní láti ràn lọ́wọ́ kó tó jáde, Type B ni tirẹ̀.

Ẹ lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láìsọ fún wọn, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ní àkókò oúnjẹ. Ẹ wo ẹni tó ń bọ́ ẹni tí kò lè jẹun fúnra rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n tẹ agogo, kí ẹ wo aago yín. Ẹ béèrè iye òṣìṣẹ́ tó wà lójúfò láago méjì òru. Òṣìṣẹ́ tó ń sùn nínú ilé àti òṣìṣẹ́ tó wà lójúfò kì í ṣe ọ̀kan náà fún ẹni tó máa ń dìde lóru.

Ṣé a lè yọ owó yìí kúrò nínú owó orí?
*Dallas, Texas*

Ó ṣeé ṣe. Bí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì tó ní ìwé àṣẹ bá jẹ́rìí pé ẹni náà kò lè dá ṣe méjì nínú nǹkan mẹ́fà tí a kà sókè fún 90 ọjọ́ ó kéré tán, tàbí pé àrùn ìgbàgbé ti le débi tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ, tí care plan sì wà, owó ìtọ́jú wọ inú owó ìlera. Nígbà mìíràn owó yàrá àti oúnjẹ náà máa ń wọ̀ ọ́. Apá tó bá ju ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún AGI yín (owó tó wọlé fún yín lọ́dún lẹ́yìn àwọn ìyọkúrò kan) lọ lẹ lè yọ lórí fọ́ọ̀mù owó orí tí wọ́n ń pè ní Schedule A. Bí ti òbí bá ni, ẹ gbọ́dọ̀ ti gbé ju ìdajì ìnáwó wọn lọ. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí náà lọ́dọọdún, kí ẹ sì ní kí ilé náà fún yín ní gbólóhùn owó tó ya ìtọ́jú sọ́tọ̀.

Bàbá ṣubú, wọ́n gbé wọn lọ sí ọsibítù. Ilé náà wá ní àwọn ò gbà wọ́n padà mọ́. Ṣé wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀?
*Ẹbí tí ọkàn wọn ò balẹ̀, Fort Worth, Texas*

Wọ́n lè ní ìtọ́jú Bàbá ti kọjá agbára àwọn, ṣùgbọ́n wọn ò lè kàn ti ilẹ̀kùn. Àdéhùn yín ní iye ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi sọ tẹ́lẹ̀ ní kíkọ, 30 ló sì wọ́pọ̀. Ẹ béèrè ìwé yẹn àti ìdí rẹ̀. Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì wọn wá yẹ Bàbá wò ní ọsibítù lónìí, kí ó kọ ohun tí ó rí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí Bàbá ò lè ṣe lọ́jọ́ kejì tí wọ́n ṣubú, wọ́n á lè ṣe é lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ìdárayá ní skilled nursing. Ẹ ní kí wọ́n di yàrá mú títí di ìgbà yẹn, kí ẹ sì mọ ohun tí ẹ ó san.

Lẹ́yìn náà ẹ pe Long-Term Care Ombudsman, alágbàwí àwọn tó ń gbé irú ilé yìí. Ó wà ní gbogbo ìpínlẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ti olùgbé ilé ló ń ṣe. Bí ẹ ò bá mọ nọ́ńbà tiyín, ẹ pe Eldercare Locator, 1-800-677-1116, kí ẹ sọ àdúgbò tí ilé náà wà fún wọn. Kí ẹ tó pe, ẹ kó àdéhùn, ìwé ìgbéléwọ̀n nọ́ọ̀sì tó kẹ́yìn àti bíìlì oṣù mẹ́ta jọ. Ẹ má lọ kó ẹrù Bàbá kúrò nínú yàrá kí ombudsman tó bá ilé náà sọ̀rọ̀, nítorí wọ́n lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ fúnra yín kúrò.